Ẹ Má Da Májèlé Sí Oko Ìjọ

Àwọn tó wà níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ oko tó kọjá á ti mọ ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ. Wọ́n ní oko ìjọ wa kò mú àpò ọkà wá tó bó ṣe yẹ lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì ní ẹyẹ ló jẹ ẹ́. Wọ́n wá ń gbé àbá bọ̀ níwájú ìpàdé ọdọọdún pé kí a po májèlé mọ́ ọkà, kí a fọ́n ọn ká inú oko nígbà tí ọkà bàbà àti àchà bá ń gbó; pé kí a fín oògùn apakoríko sí gbogbo ilẹ̀ náà títí dé ẹ̀bá ọ̀nà; àti pé kí a gé ọgbà orò tó yí oko ká lulẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹyẹ ń sùn sí. Mo lòdì sí gbogbo rẹ̀. Mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ̀yin náà lòdì sí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká nawọ́ sókè.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìgbìmọ̀ oko ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn èèyàn yìí ń jí lọ sí oko nígbà tí òtútù Jos kò tíì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa yọ ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Owó tó ń ti oko náà wá la fi ń ran àwọn opó àti àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́. Bí àpò ọkà bá dín, ẹnìkan wà tí kò ní rí owó iléèwé san. Àdánù náà kì í ṣe àlá. Ohun tí mo ń bá jà ni pé a fẹ́ torí ìbínú ọdún kan ba nǹkan tí a kò ní lè tún ṣe jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ná: ẹyẹ wo? Nínú ìpàdé yẹn, gbogbo ohun tó níyẹ̀ẹ́ ni wọ́n pè ní olè. Ẹnìkan tilẹ̀ mú ìròyìn wá pé ìjọba ń fi ọkọ̀ òfuurufú fín oògùn lé ẹyẹ lórí ní Yobe, ní Jigawa, ní Kebbi àti ní Sokoto, pé kí ló dé tí àwa náà ò lè ṣe tiwa. Òótọ́ ni, wọ́n ń fín in. Àmọ́ ẹyẹ tí wọ́n ń fín in sí lọ́hùn-ún ni èyí tí àwọn Hausa ń pè ní jan baki, ẹlẹ́nu pupa. Ẹyẹ kékeré ni, àmọ́ àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ó lé ní bílíọ̀nù kan káàkiri Áfíríkà, wọ́n sì gbà pé kò sí ẹyẹ inú ìgbẹ́ kan tó pọ̀ tó o láyé. Ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ nǹkan bíi gíráàmù 10 ọkà lóòjọ́. Bí mílíọ̀nù kan bá bà sí agbègbè kan, tọ́ọ̀nù 10 ti lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ogun nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ogun ilẹ̀ gbígbóná tó sún mọ́ aṣálẹ̀ ni. Nínú gbogbo wa tí a ń lọ sí oko ìjọ, ta ló ti rí ìkùukùu jan baki níbẹ̀ rí?

Àwọn tó wà níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n: ẹ̀gà, ológoṣẹ́, àdàbà, àparò lábẹ́ koríko, lékeléke lẹ́yìn màlúù àwọn Fúlàní, alápàńdẹ̀dẹ̀ lókè. Lékeléke kì í jẹ ọkà, tata ni oúnjẹ tirẹ̀. Alápàńdẹ̀dẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe nínú ọkà wa, kòkòrò inú afẹ́fẹ́ ló ń gbé mì. Àdàbà ń ṣa èyí tó ti bọ́ sílẹ̀, èyí tí kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ ṣa. Ó wá ku ẹ̀gà àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń bà lé orí ọkà. Wọ́n ń jẹ ẹ́, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ ẹ lọ wo ẹ̀gà nígbà tó bá ń tọ́ ọmọ. Kòkòrò àti ìdin ló ń gbé wá fún wọn, àárọ̀ dalẹ́, torí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò lè fi ọkà líle dàgbà. Ológoṣẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tí a ń pè ní olè ní oṣù kọkànlá ni alágbàṣe tí a kò sanwó fún ní oṣù keje.

Ẹ ò sì gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbàdo ní ọdún 2016, nígbà tí ìdin tí wọ́n ń pè ní armyworm ti Amẹ́ríkà wọlé sí Nàìjíríà àti Benin àti Togo, tó sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni kòkòrò tòmátì tí àwọn ará ọjà sọ ní Ẹ̀bólà sọ apẹ̀rẹ̀ tòmátì di wúrà. Mi ò sọ pé ẹyẹ lè dá irú àjàkálẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ní àkókò tí kòkòrò ń pọ̀ sí i, èèyàn kì í lọ pa ẹni tó ń bá a jẹ kòkòrò.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ májèlé náà fúnra rẹ̀. Májèlé kò mọ ẹ̀gà yàtọ̀ sí àdàbà. Kò mọ àdàbà yàtọ̀ sí adìẹ ìyá Berom tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ lè má kú lójú ẹsẹ̀. Á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, àwòdì á rí i pé ó rọrùn láti mú, á gbé e, òun náà á lọ kú síbòmíràn. Ajá á jẹ èyí tó kù nílẹ̀. Òjò á gbá ìyókù lọ sínú àwọn kòtò omi tí iṣẹ́ kùsà fi sílẹ̀ fún wa, ibẹ̀ la sì ti ń fa omi sí kábéèjì àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ìyẹn burú. Ṣùgbọ́n èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni ti àwọn ọmọdé. Ọ̀nà iléèwé gba ẹ̀gbẹ́ oko yẹn kọjá. Ọmọ tó bá rí ẹyẹ márùn-ún tó sùn sílẹ̀ gbalaja, ẹran ọ̀fẹ́ ló rí. Kò ní bi ìgbìmọ̀ oko léèrè kó tó wá ìṣáná. Bí ọmọ kan bá kú, ṣé a ó dìde nínú ìpàdé ká ní a ti lẹ̀wé mọ́ igi pé kí wọ́n má jẹ ẹ́?

Kì í ṣe àwa la máa kọ́kọ́ bínú sí ẹyẹ. Ní ọdún 1958, ìjọba Mao Zedong ní ilẹ̀ China kéde ogun sí ohun mẹ́rin tí wọ́n ní ó ń yọ aráàlú lẹ́nu: eku, eṣinṣin, ẹ̀fọn àti ológoṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ológoṣẹ́ ni pé ó ń jẹ ọkà. Tọmọdé tàgbà jáde, wọ́n ń lu ìkòkò, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń wó ìtẹ́, wọn ò jẹ́ kí ẹyẹ rí ibi bà sí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tó ń já bọ́ láti òfuurufú, tó ń kú. Wọ́n ṣàṣeyọrí! Ológoṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kòkòrò oko wá rí àyè, ó ń jẹ ohun ọ̀gbìn láìsí ẹni tó ń dá a lẹ́kun. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣí ikùn ẹyẹ wò sọ fún ìjọba pé kòkòrò tí ológoṣẹ́ ń jẹ pọ̀ gan-an. Nígbà tó di 1960, ìjọba yọ orúkọ ológoṣẹ́ kúrò, wọ́n fi ìdun rọ́pò rẹ̀. Ìyàn ńlá ti mú ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Mi ò ní tàn yín jẹ: ìyàn náà ní ìdí púpọ̀, òṣèlú burúkú sì ni olórí wọn. Ṣùgbọ́n pípa tí wọ́n pa ológoṣẹ́ wà lára ohun tó bu epo sí iná náà.

Ẹnìkan máa sọ pé China ìgbà yẹn kò mọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, pé oògùn ìgbàlódé là ń sọ, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń lò. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ kó ìṣirò ẹyẹ jọ láti orílẹ̀-èdè 28 ní Yúróòpù, ọdún 37 ni wọ́n fi kà wọ́n, níbi tó lé ní 20,000. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹyẹ inú oko ti dín ní nǹkan bí ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Nínú ẹyẹ ọgọ́rùn-ún tó wà lórí oko wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́tàlélógójì ló kù. Kí ló fà á? Wọ́n wo ojú ọjọ́, wọ́n wo bí ìlú ṣe ń gbòòrò, wọ́n wo igbó, àmọ́ èyí tó ga jù lọ ni oògùn apakòkòrò àti ajílẹ̀ tí wọ́n ń dà sí oko. Oko tí kò ní koríko kankan kò ní èso koríko tí ẹyẹ máa jẹ. Oko tí kò ní kòkòrò kankan kò ní oúnjẹ ọmọ ẹyẹ. Kò pọn dandan kí èèyàn yìnbọn kan kí ẹyẹ tó tán. Ní báyìí, ìjọba wọn ń sanwó fún àgbẹ̀ kó lè tún gbin ọgbà tí wọ́n ti sanwó fún un tẹ́lẹ̀ kó hú dànù. Ohun tí wọ́n ń fi owó wá kiri lọ́hùn-ún ni àwa fẹ́ fi àdá gé lulẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan Jos gan-an nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé ibẹ̀. Ní Laminga, tí kò jìnnà sí wa rárá, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ kan wà lábẹ́ Yunifásítì Jos, A.P. Leventis ni orúkọ tí wọ́n fi sọ ọ́, igbó Amurum ló sì yí i ká. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti pẹ́ ní ìlú yìí kò dé ibẹ̀ rí. Ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀, nítorí láti ìlú òkèèrè làwọn èèyàn ń wá síbẹ̀ wá kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹyẹ kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní whinchat. Kò tó gíráàmù 20. Àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, ìlà funfun kan wà lókè ojú rẹ̀, orí pòròpórò tàbí igi kéékèèké ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo ilẹ̀ fún kòkòrò. Ìlà-oòrùn Yúróòpù ló ti ń pamọ. Bí òtútù bá fẹ́ dé lọ́hùn-ún, á fò kọjá òkun àti aṣálẹ̀, á wá gbé lórí oko wa láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹrin. Lóru ló sábà máa ń fò, òun nìkan, láìsí àgbà tó ń júwe ọ̀nà.

Emma Blackburn àti Will Cresswell láti Yunifásítì St Andrews ní Scotland fi òrùka aláwọ̀ sí àwọn ẹyẹ yìí lẹ́sẹ̀ níbí, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn láti ọdún kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú ẹyẹ náà lọ, wọ́n sì padà wá sí ojú ilẹ̀ kan náà gan-an tí wọ́n fi sílẹ̀. Lọ́nà wo? Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n rí i pé ẹyẹ tó bá ti dé Jos kì í sábà kú síbí. Ìrìn àjò àti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pamọ ni ewu tiwọn pọ̀ sí. Oko tiwa gbà wọ́n.

Kí ló dé tí oko tiwa fi gbà wọ́n? Torí pé oko orí òkè yìí, bí àwọn Berom àti Afizere àti Anaguta ṣe ń dá a láti ọjọ́ pípẹ́, kì í ṣe oko tí wọ́n fá lórí. Àchà wà níhìn-ín, pòtétò wà lọ́hùn-ún, ilẹ̀ kan ń sinmi láàárín wọn. Pòròpórò wà nínú oko lẹ́yìn ìkórè. Ọgbà orò, ẹlẹ́gùn-ún tó ń sun oje funfun, ló pààlà láàárín oko kan àti èkejì, ewúrẹ́ kò lè kọjá, ẹyẹ sì ń rí ilé sínú rẹ̀. Àwa tí bàbá wa tẹ̀lé rélùwéè àti iṣẹ́ kùsà wá síbí, a bá ọgbà yìí nílẹ̀ ni. Ọ̀nà àgbẹ̀ tí a rò pé ó jẹ́ ti ará oko ni ohun tí ẹyẹ Yúróòpù sá wá bá. Bí a bá wá gbé oògùn apakoríko dé etí oko, tí a gé ọgbà, tí a fọ́n májèlé, a ti kọ́ Yúróòpù sí Jos nìyẹn, ibi tó ti bàjẹ́ la sì mú. Mo tún gbọ́ orúkọ paraquat nínú ìpàdé náà o. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ṣé ìjọ ló máa lọ rà á lábẹ́ tábìlì?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹyẹ pupa kékeré kan wà lára àwọn àpáta wa tí ayé kò fún lórúkọ títí di ọdún 1998. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n dùn mọ́ mi. Ẹyẹ dúdú kan ló ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ rẹ̀ kó lè bá a tọ́jú ọmọ; ọmọ náà bá dàgbà, orin alágbàtọ́ rẹ̀ ló ń kọ. Robert Payne, ọmọ Amẹ́ríkà, gbọ́ orin tí ẹyẹ dúdú ń kọ, ó ní orin yìí kì í ṣe ti ẹyẹ kankan tí a mọ̀, ó wá a lọ, ó sì rí i. Jos ni ayé ti mọ ẹyẹ yìí. Lára koríko àti igbó kékeré ẹ̀gbẹ́ àpáta ló ń gbé, irú èyí tí àwa ń pè ní ilẹ̀ tí kò wúlò.

Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi sọ pé ẹyẹ kì í tán, pé Ọlọ́run tó dá wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n tán. Bàbá, ẹ forí jì mí. Odídẹrẹ́ ńkọ́? Ní Ghana, ìwádìí fi hàn pé ó kéré tán ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ ti lọ láti nǹkan bí ọdún 1992. Igún ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé, ẹ rántí bí igún ṣe máa ń kún orí páànù odò ẹran. Lónìí, ọmọ yín lè parí yunifásítì láì rí ọ̀kan. Ní 2015, àwọn tó ń ṣírò ẹ̀dá tó kù láyé kọ orúkọ igún wa yìí sínú ìwé àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Májèlé wà lára ohun tó pa wọ́n, àti títa orí wọn lọ́jà fún oògùn. Ilẹ̀ Yorùbá sì wà nínú àwọn ibi tí òwò yẹn ti gbóná. Ní India, tí igún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́yìn 1990 nítorí oògùn kan tí wọ́n ń fún màlúù, òkú ẹran kún ìta, ajá pọ̀, omi bàjẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 fojú bù ú pé nǹkan bí èèyàn 500,000 ló ti ibẹ̀ kú láàárín ọdún márùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí pé ṣé ẹyẹ ṣe pàtàkì ju èèyàn lọ ni, èèyàn náà ni mo ń sọ.

Ẹ sì jẹ́ ká rántí òfin tó wà nínú ìwé Deuteronomi orí 22. Ẹni tó bá rí ìtẹ́ lójú ọ̀nà, tí ìyá ẹyẹ sàba lé ẹyin tàbí ọmọ, òfin ní kó jẹ́ kí ìyá máa lọ. Ẹbí ń pa àwọn tí wọ́n ṣe òfin yẹn fún náà, kì í ṣe pé wọ́n yó. Wọ́n gbà wọ́n láyè láti jẹ, wọn ò gbà wọ́n láyè láti pa ìran run. Májèlé tí a fọ́n sílẹ̀ kò lè pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́, torí kò lójú tí á fi mọ ìyá.

Kí la máa wá ṣe? Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ká tó gbọ́ orúkọ oògùn kankan: ká ṣọ́ ẹyẹ. Àkókò tí ọkà wà nínú ewu kò pẹ́, láti ìgbà tó bá ti ní wàrà nínú títí ó fi gbó, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹyẹ ń jẹun jù. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹgbẹ́ obìnrin, ká pín ọjọ́ láàárín ara wa. Kí a má fi ọmọ iléèwé ṣe é. Ká na téèpù kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ láti òpó kan sí èkejì, atẹ́gùn á máa lù ú, á máa dún. Ó kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ nínú wa, ìwàásù ọdún 1994 tí ẹ kò gbọ́ mọ́. Ká gbin ọkà lásìkò kan náà pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, kí tiwa má bàa dá nìkan gbó kí gbogbo ẹyẹ àdúgbò wá kójọ sórí rẹ̀. Ká kórè kíá. Ọgbà náà, ẹ jẹ́ ká rẹ́ orí rẹ̀, ká má hú u. Koríko etí oko, ká fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sílẹ̀ láì ro, láì fín. Àwọn ọ̀dọ́ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ wà fún yín: láti ọdún 2015 ni àwọn ará Laminga ti ń bẹ aráàlú kí wọ́n bá wọn ka ẹyẹ káàkiri Nàìjíríà, fóònù yẹn náà ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ ka ti oko ìjọ lọ́dún yìí, ẹ tún un kà lọ́dún tó ń bọ̀, ká lè mọ ohun tí à ń sọ nígbà tí a bá tún ń pariwo ẹyẹ.

Kí ìgbìmọ̀ tó ní ká dìbò, mo fẹ́ kí wọ́n dìde dáhùn níwájú gbogbo ìjọ: àpò ọkà mélòó gan-an ni ẹyẹ jẹ, mélòó ni kòkòrò jẹ, mélòó ló bàjẹ́ torí pé a pẹ́ kórè? Ta ló máa po májèlé náà, inú agbada ta ni? Ta ló sì máa jí lóròòwúrọ̀ lọ ṣa òkú ẹyẹ kí àwọn ọmọ tó máa kọjá lọ iléèwé?